A Kì Í Fá Orí Lẹ́yìn Olórí: Bí Ìgbìmọ̀ Ìṣètò Ìlú New York Ṣe Ń Ṣe Iṣẹ́ Rẹ̀ ní Gbangba

Àṣamọ̀

Pépà yìí ṣe àlàyé bí Ìgbìmọ̀ Ìṣètò Ìlú New York, ní orílẹ̀-èdè Amẹ́ríkà, ṣe ń ṣe ìpinnu lórí ọ̀rọ̀ ilẹ̀, ilé àti òpópónà lójú gbogbo ènìyàn. Ó yẹ ìtàn tó bí ìlànà náà wò, ó sọ nípa àwọn tó jókòó sínú ìgbìmọ̀, ọ̀nà tí ẹ̀bẹ̀ kan ń gbà kí ó tó di ìpinnu, ohun tó ń ṣẹlẹ̀ lọ́jọ́ ìjókòó, àti ibi tí ìlànà náà kù sí. Èrò tí pépà náà gbé kalẹ̀ ni pé ilẹ̀kùn tó ṣí sílẹ̀ nìkan kò tó. Ohun tó ń sọ iṣẹ́ ìjọba di ti gbangba ni pé kí ará ìlú gbọ́ nígbà tí ọ̀rọ̀ ẹnu rẹ̀ ṣì lè yí nǹkan padà. Ní ìparí, pépà náà tọ́ka sí bí olùkọ́ èdè Yorùbá ṣe lè lo kókó yìí nínú kíláàsì.

Ìfáàrà

Yorùbá bọ̀, wọ́n ní a kì í fá orí lẹ́yìn olórí. Òwe yìí kò sọ pé olórí ni yóò fá orí ara rẹ̀. Onígbàjámọ̀ ló mọ bí wọ́n ti ń di abẹ mú. Ohun tí òwe náà ń sọ ni pé bí ó ti wù kí ọwọ́ onígbàjámọ̀ mọ́ tó, olórí gbọ́dọ̀ wà níjòkòó. Bẹ́ẹ̀ gẹ́lẹ́ ni ọ̀rọ̀ ìṣètò ìlú rí. Àwọn onímọ̀ ló ń ya àwòrán ìlú; àwọn ni wọ́n mọ ibi tí òpópónà yẹ kí ó gbà, tí wọ́n sì mọ bí ilé ṣe yẹ kí ó ga tó. Ṣùgbọ́n àwọn tó ń gbé nínú ilé tí wọn yóò wó, àti àwọn tó ń tajà lẹ́bàá ọ̀nà tí wọn yóò fẹ̀, àwọn gan-an ni olórí tí wọ́n fẹ́ fá orí rẹ̀.

Nínú ìlú ńlá, ìpinnu kan ṣoṣo lórí ìlò ilẹ̀ lè sọ àdúgbò tí owó ilé rẹ̀ kò wọ́n di ibi tí tálákà kò lè gbé mọ́. Ó lè sọ pápá ìṣeré di ilé alájà ogójì. Ó sì lè pèsè ilé fún ẹgbẹẹgbẹ̀rún ènìyàn tí kò rí ibi forí lé. Nítorí náà, ó ṣe pàtàkì láti mọ ẹni tó ń ṣe ìpinnu bẹ́ẹ̀, ibi tó ti ń ṣe é, àti bóyá ẹnikẹ́ni ń wò ó bí ó ti ń ṣe é. Ìlú New York ni pépà yìí mú ṣe àpẹẹrẹ nítorí pé òfin ìlú náà kọ ìlànà yìí sílẹ̀ ní ṣísẹ̀-n-tẹ̀lé, tí ó sì dá iye ọjọ́ fún ìgbésẹ̀ kọ̀ọ̀kan. Ìdí kejì ni pé ìlú náà ti jìyà ìpinnu tí wọ́n ṣe láìka ọ̀rọ̀ olórí sí.

Ìtàn Tó Bí Ìlànà Náà

Ní ọdún 1916 ni New York ṣe òfin àkọ́kọ́ tó pín gbogbo ilẹ̀ ìlú sí ọ̀nà ìlò: ibi tí ilé gbígbé yóò wà, ibi tí ìsọ̀ yóò wà, ibi tí ilé iṣẹ́ yóò wà, àti bí ilé ṣe lè ga mọ. Kò tí ì sí ìlú ńlá mìíràn ní Amẹ́ríkà tó ṣe irú òfin bẹ́ẹ̀ fún gbogbo ìlú ṣáájú rẹ̀. Ní ọdún 1936, àwọn olùdìbò fọwọ́ sí òfin ìpìlẹ̀ tuntun fún ìlú náà, èyí tó bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ ní ọdún 1938. Òfin yìí ló dá Ìgbìmọ̀ Ìṣètò Ìlú sílẹ̀.

Lóòótọ́, ìgbìmọ̀ náà máa ń pe ará ìlú sí ìjókòó láti ìbẹ̀rẹ̀, ṣùgbọ́n pípe ènìyàn sí ìjókòó yàtọ̀ sí gbígbọ́ ọ̀rọ̀ rẹ̀. Ọkùnrin kan tí orúkọ rẹ̀ ń jẹ́ Robert Moses jókòó sínú ìgbìmọ̀ náà láti ọdún 1942 títí di ọdún 1960, bẹ́ẹ̀ ni ó sì di ọ̀pọ̀lọpọ̀ ipò mìíràn mú lẹ́ẹ̀kan náà. Òun ló wà nídìí ọ̀pọ̀ afárá, ọgbà ìtura àti òpópónà ńlá tó wà ní New York lónìí. Nígbà tí wọ́n ń la òpópónà Cross Bronx kọjá, ọ̀nà tí Moses yàn gba àárín àdúgbò East Tremont, ó sì lé ìdílé tó lé ní 1,500 kúrò nílé wọn ní nǹkan bí máìlì kan péré. Àwọn ará àdúgbò náà, tí àwọn ìyálé ilé ṣáájú wọn, mú ọ̀nà mìíràn wá tí kò ní wó ilé púpọ̀ tó bẹ́ẹ̀. Wọ́n lọ sí ìjókòó, wọ́n sọ̀rọ̀, wọ́n bẹ̀bẹ̀. Àwọn aláṣẹ kọ etí ikún sí wọn. Ìpinnu ti wà nílẹ̀ kí wọ́n tó wọlé.

Ní ọdún 1961, ọ̀rọ̀ gba ibòmíràn yọ. Ìgbìmọ̀ Ìṣètò Ìlú fẹ́ sọ apá kan àdúgbò West Village di ibi tí ìjọba yóò ṣe ìwádìí lé lórí fún àtúnkọ́, ìyẹn ni pé wọ́n lè wó o palẹ̀ lẹ́yìn ọ̀la. Jane Jacobs, akọ̀ròyìn tó ń gbé ní àdúgbò náà, tó sì kọ ìwé kan tó gbajúmọ̀ lórí ìlú ńlá lọ́dún yẹn kan náà, kó àwọn aládùúgbò jọ. Nígbà tí ìgbìmọ̀ fọwọ́ sí ètò náà níbi ìjókòó rẹ̀ nínú oṣù kẹwàá ọdún náà, ariwo sọ, àwọn ọlọ́pàá sì wọ́ àwọn kan jáde. Síbẹ̀, wọn kò dákẹ́. Nígbà tí ó fi máa di ọdún 1962, wọ́n ti pa ètò náà tì. Ẹ̀kọ́ méjì ni ìṣẹ̀lẹ̀ yìí kọ́ àwọn aláṣẹ: èkíní ni pé ará ìlú tí wọ́n kò bá gbọ́ ohùn rẹ̀ nínú yàrá yóò wá ọ̀nà láti pariwo, èkejì ni pé àkókò tó dára jù lọ láti gbọ́ ọ̀rọ̀ ni kí ọ̀bẹ tó kan ara.

Láti ibẹ̀ ni ìyípadà ti ń bá a bọ̀ díẹ̀díẹ̀. Ṣáájú ni Robert Wagner, tó jẹ́ ààrẹ ẹkùn Manhattan nígbà náà, ti dá àwọn ìgbìmọ̀ ìṣètò àdúgbò sílẹ̀ ní ẹkùn rẹ̀ ní ọdún 1951. Ní ọdún 1963, òfin ìpìlẹ̀ ìlú mú irú ìgbìmọ̀ bẹ́ẹ̀ dé gbogbo ẹkùn. Àtúnṣe ọdún 1975 ló wá ṣe pàtàkì jù. Òun ló gbé ìlànà àyẹ̀wò ìlò ilẹ̀ kalẹ̀, èyí tí àwọn ará New York ń fi lẹ́tà márùn-ún pè ní ULURP, tó sì fún ìgbìmọ̀ àdúgbò ní àyè láti kọ́kọ́ sọ̀rọ̀. Ní ọdún 1976, ìpínlẹ̀ New York ṣe Òfin Ìpàdé Gbangba, ó sì bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ ní oṣù kìíní ọdún 1977.

Àwọn Tó Jókòó Sínú Ìgbìmọ̀

Ènìyàn mẹ́tàlá ló wà nínú ìgbìmọ̀ náà láti ìgbà tí wọ́n ti tún òfin ìpìlẹ̀ ìlú ṣe ní ọdún 1989. Méyọ̀, tó jẹ́ olórí ìṣàkóso ìlú, ló ń yan méje nínú wọn, alága sì wà lára méje náà. Ààrẹ ẹkùn márààrún, ìyẹn Manhattan, Brooklyn, Queens, Bronx àti Staten Island, ń yan ẹnì kọ̀ọ̀kan. Alágbàwí Ará Ìlú, tí àwọn olùdìbò ń dìbò yàn, ló ń yan ẹni kẹtàlá. Yàtọ̀ sí alága, ọdún márùn-ún ni sáà ọmọ ìgbìmọ̀ kọ̀ọ̀kan, wọ́n sì tò ó kí sáà gbogbo wọn má baà parí lẹ́ẹ̀kan náà. Wọn kò gbọ́dọ̀ di ipò mìíràn mú nínú ìjọba ìlú. Alága nìkan ni ó yàtọ̀: òun náà ni olùdarí Ẹ̀ka Ìṣètò Ìlú, níbi tí àwọn onímọ̀ ti ń ṣe ìwádìí tí wọ́n sì ń múra ìwé sílẹ̀ fún ìgbìmọ̀.

Bí wọ́n ṣe pín agbára ìyannisípò yìí kì í ṣe ọ̀rọ̀ lásán. Méje nínú mẹ́tàlá fún Méyọ̀ ní ọwọ́ òkè, ṣùgbọ́n ó kéré débi pé bí ọmọ ìgbìmọ̀ kan ṣoṣo nínú àwọn tí ó yàn bá yapa, ó ní láti wá ìbò lọ́dọ̀ àwọn tí ẹlòmíràn yàn. Bákan náà, kò sí ìpinnu tó lè dúró láìjẹ́ pé ó kéré tán, ènìyàn méje fọwọ́ sí i. Bí ọ̀rọ̀ kan bá kan dúkìá tàbí iṣẹ́ ọmọ ìgbìmọ̀ kan, ó gbọ́dọ̀ yẹra kúrò nínú ìdìbò náà, wọn yóò sì kọ ọ́ sílẹ̀ pé ó yẹra. Àgbà tó ń dá ẹjọ́ tirẹ̀ fúnra rẹ̀ kò lè rí ojú rere ará ìlú.

Ọ̀nà tí Ẹ̀bẹ̀ Kan Ń Gbà

Kí ọ̀nà náà lè yé ni dáadáa, ẹ jẹ́ kí ó jẹ́ pé oníṣòwò ilé kan fẹ́ kí wọ́n yí ìlò ilẹ̀ kan padà, kí ó lè kọ́ ilé gíga sí ibi tí ilé ìkẹ́rùsí wà tẹ́lẹ̀. Kò lè lọ bá ẹnì kan ní kọ̀rọ̀ kí ọ̀rọ̀ sì parí síbẹ̀. Òfin ti la ọ̀nà tí yóò tọ̀.

Ìgbésẹ̀ àkọ́kọ́ ni kí ìwé ẹ̀bẹ̀ rẹ̀ pé. Ẹ̀ka Ìṣètò Ìlú ni yóò yẹ̀ ẹ́ wò, títí kan ìwádìí lórí ohun tí ilé náà yóò ṣe sí àyíká: ọkọ̀ tí yóò máa wọlé jáde, ilé ẹ̀kọ́ tí ọmọ yóò kún, òjìji tí yóò bo ọgbà ìtura mọ́lẹ̀. Láti ọdún 2019, àtúnṣe òfin tí àwọn olùdìbò fọwọ́ sí sọ pé wọ́n gbọ́dọ̀ fi àkópọ̀ ẹ̀bẹ̀ náà ṣọwọ́ sí ìgbìmọ̀ àdúgbò àti ààrẹ ẹkùn, ó kéré tán, ọgbọ̀n ọjọ́ kí wọ́n tó kéde pé ìwé pé. Ìdí èyí ni pé àwọn ará àdúgbò ti ń ráhùn tipẹ́ pé ìwé tó ga bí òkè ni wọ́n máa ń gbé síwájú àwọn lójijì.

Bí ìwé bá ti pé, aago bẹ̀rẹ̀ sí í ká. Ìgbìmọ̀ àdúgbò ní 60 ọjọ́. Irú ìgbìmọ̀ bẹ́ẹ̀ 59 ló wà ní gbogbo ìlú, ọ̀kọ̀ọ̀kan sì lè ní tó àádọ́ta ọmọ ẹgbẹ́ tí kì í gba owó oṣù: olùkọ́, oníṣòwò, òṣìṣẹ́ fẹ̀yìntì, òbí. Wọ́n gbọ́dọ̀ pe ìjókòó tí ará àdúgbò yóò ti sọ̀rọ̀, kí wọ́n tó dìbò, kí wọ́n sì kọ ìmọ̀ràn wọn sílẹ̀. Lẹ́yìn èyí, ààrẹ ẹkùn ní 30 ọjọ́ láti sọ tirẹ̀. Ìmọ̀ràn ni ọ̀rọ̀ àwọn méjèèjì. Wọn kò lè fi dá ẹ̀bẹ̀ dúró. Síbẹ̀, a kì í fi ọwọ́ yẹpẹrẹ mú un, nítorí pé inú rẹ̀ ni àwọn tó kù ti máa ń mọ ibi tí bàtà ti ń ta ará àdúgbò lẹ́sẹ̀.

Ìgbà yìí ni ọ̀rọ̀ tó dé ọ̀dọ̀ Ìgbìmọ̀ Ìṣètò Ìlú. 60 ọjọ́ ni òun náà ní láti pe ìjókòó ìgbọ́rọ̀-ará-ìlú, kí ó sì dìbò. Ó lè fọwọ́ sí ẹ̀bẹ̀ náà bó ti rí, ó lè tún un ṣe, ó sì lè kọ̀ ọ́. Bí ó bá fọwọ́ sí i, ọ̀pọ̀ irú ẹ̀bẹ̀ bẹ́ẹ̀ yóò lọ sí Ìgbìmọ̀ Aṣòfin Ìlú fún 50 ọjọ́, Méyọ̀ yóò sì ní ọjọ́ márùn-ún láti kọ ìpinnu àwọn aṣòfin bí kò bá tẹ́ ẹ lọ́rùn. Bí wọ́n bá ro gbogbo rẹ̀ pọ̀, ó jẹ́ 205 ọjọ́, nǹkan bí oṣù méje. Àǹfààní aago yìí kò mọ sí apá kan. Ẹni tó fẹ́ kọ́lé mọ̀ pé wọn kò lè fi ọ̀rọ̀ òun falẹ̀ títí láé. Ará àdúgbò náà sì mọ̀ pé wọn kò lè parí rẹ̀ lóru mọ́jú.

Ọjọ́ Ìjókòó

Kí ọjọ́ tó pé, akéde gbọ́dọ̀ jáde. Ìwé ìròyìn ìjọba ìlú tó ń jẹ́ City Record ni akéde yìí. Ìkéde ìjókòó ìgbọ́rọ̀-ará-ìlú gbọ́dọ̀ wà nínú rẹ̀, ó kéré tán, ọjọ́ mẹ́wàá ṣáájú ọjọ́ náà. Ètò ìjókòó pẹ̀lú nọ́ńbà ẹ̀bẹ̀ kọ̀ọ̀kan máa ń wà lórí íntánẹ́ẹ̀tì, pẹ̀lú àwòrán àti ìwé tí ìgbìmọ̀ fúnra rẹ̀ yóò wò. Òfin Ìpàdé Gbangba sì pa á láṣẹ pé ìwé tí wọn yóò jíròrò lé lórí gbọ́dọ̀ dé ọwọ́ ará ìlú kí ìjókòó tó bẹ̀rẹ̀.

Oríṣi ìjókòó méjì ló wà. Èkíní ni ìjókòó àgbéyẹ̀wò, tó sábà máa ń wáyé ní ọjọ́ Ajé. Níbẹ̀ ni àwọn òṣìṣẹ́ Ẹ̀ka Ìṣètò Ìlú ti ń ṣàlàyé ẹ̀bẹ̀ fún àwọn ọmọ ìgbìmọ̀, tí àwọn wọ̀nyí sì ń bi wọ́n ní ìbéèrè. Ará ìlú lè jókòó kí ó máa wò, ṣùgbọ́n kò ní sọ̀rọ̀. Ẹlòmíràn lè rò pé èyí kò já mọ́ nǹkan. Bẹ́ẹ̀ kọ́. Ìgbà tí àwọn alágbára bá ń ronú ni èrò wọn máa ń hàn, kì í ṣe ìgbà tí wọ́n bá ń ka ìpinnu tí wọ́n ti kọ sílẹ̀. Ní ọdún 1978, ilé-ẹjọ́ tó ga jù lọ ní ìpínlẹ̀ New York fìdí rẹ̀ múlẹ̀ pé bí iye ọmọ ìgbìmọ̀ tó tó ṣèpinnu bá ti péjọ láti sọ̀rọ̀ lórí iṣẹ́ ìlú, ìpàdé ni, ìbáà jẹ́ pé wọn kò ní dìbò níbẹ̀, ilẹ̀kùn sì gbọ́dọ̀ ṣí.

Ìjókòó kejì ni ìjókòó gbangba, èyí tó sábà máa ń bọ́ sí ọjọ́rú. Níbẹ̀ ni wọ́n ti ń dìbò lórí ọ̀rọ̀ tí wọ́n ti gbọ́ tẹ́lẹ̀, tí wọ́n sì ń gbọ́ ẹ̀bẹ̀ tuntun. Ẹnikẹ́ni tó bá fẹ́ sọ̀rọ̀ yóò fi orúkọ sílẹ̀, yóò sì sọ bóyá òun fara mọ́ ẹ̀bẹ̀ náà tàbí òun kò fara mọ́ ọn. Ẹni tó mú ẹ̀bẹ̀ wá ni yóò kọ́kọ́ ṣàlàyé. Lẹ́yìn rẹ̀ ni ará ìlú, ìṣẹ́jú mẹ́ta mẹ́ta fún ẹnì kọ̀ọ̀kan. Wọ́n máa ń pè wọ́n ní ìkọ̀ ìkọ̀, àwọn tó fara mọ́ ọn díẹ̀, àwọn tí kò fara mọ́ ọn díẹ̀, kí ó má baà jẹ́ pé apá kan ṣoṣo ni àwọn ọmọ ìgbìmọ̀ yóò gbọ́ kí ó tó rẹ̀ wọ́n. Ọmọ ìgbìmọ̀ lè bi olùsọ̀rọ̀ ní ìbéèrè, àkókò ìdáhùn kò sì sí lára ìṣẹ́jú mẹ́ta náà. Ẹni tí kò bá lè wá lè kọ ìwé ránṣẹ́. Láti ìgbà àrùn kòrónà ní ọdún 2020 ni ó sì ti ṣeé ṣe láti sọ̀rọ̀ láti ilé ẹni lórí tẹlifóònù tàbí kọ̀ǹpútà.

Ìpàdé ìkọ̀kọ̀ ńkọ́? Òfin fi àyè kékeré sílẹ̀ fún un, ó sì ka àwọn ìdí tó lè mú un wáyé: ẹjọ́ tó wà ní kóòtù, ọ̀rọ̀ tó kan ìgbésí ayé òṣìṣẹ́ kan, àti irú wọn. Kí wọ́n tó ti ilẹ̀kùn, wọ́n gbọ́dọ̀ dìbò ní gbangba lórí títì í, kí wọ́n sì sọ irú ọ̀rọ̀ tí àwọn fẹ́ sọ. Nípa bẹ́ẹ̀, ará ìlú mọ̀ pé ìkọ̀kọ̀ wà, ó mọ ìdí rẹ̀, ó sì lè lọ sí kóòtù bí ìdí náà kò bá tọ́.

Ohun tó Ń Ṣẹ́kù Lẹ́yìn Ìjókòó

Ọ̀rọ̀ ẹnu a máa fò lọ. Àkọsílẹ̀ ló ń dúró. Lórí ẹ̀bẹ̀ kọ̀ọ̀kan, ìgbìmọ̀ gbọ́dọ̀ kọ ìjábọ̀ tó sọ ohun tí oníbẹ̀ẹ̀bẹ̀ ń fẹ́, ohun tí ìgbìmọ̀ àdúgbò àti ààrẹ ẹkùn sọ, ohun tí àwọn ará ìlú wí lọ́jọ́ ìjókòó, àti ìdí tí ìgbìmọ̀ fi ṣe ìpinnu tó ṣe. Orúkọ ọmọ ìgbìmọ̀ kọ̀ọ̀kan àti bí ó ṣe dìbò máa ń hàn. Ẹni tí kò fara mọ́ ìpinnu lè kọ ìdí tirẹ̀ sí i. Fídíò ìjókòó náà wà lórí íntánẹ́ẹ̀tì fún ẹni tó bá fẹ́ wò ó.

Àpẹẹrẹ kan tí kò tí ì pẹ́ ni ètò ilé gbígbé tí wọ́n pè ní City of Yes for Housing Opportunity. Ètò yìí fẹ́ kí gbogbo àdúgbò gba ilé díẹ̀ sí i, kí ọ̀wọ́n ilé lè dín kù. Wọ́n fi ṣọwọ́ sí ìgbìmọ̀ àdúgbò 59 ní ọdún 2024, ọ̀pọ̀ nínú wọn sì kọ̀ ọ́, pàápàá ní Queens. Ní ọjọ́ kẹwàá oṣù keje ọdún náà, ìgbìmọ̀ pe ìjókòó, àwọn olùsọ̀rọ̀ sì tò láti òwúrọ̀ di òru. Ayálégbé tí owó ilé fẹ́ pa wá síbẹ̀. Onílé tó ń bẹ̀rù pé àdúgbò òun yóò kún àkúnya wá pẹ̀lú. Ní ọjọ́ 25 oṣù kẹsàn-án, ènìyàn mẹ́wàá dìbò pé àwọn fara mọ́ ọn, mẹ́ta kọ̀ ọ́. Àwọn aṣòfin tún un ṣe, wọ́n sì fọwọ́ sí i ní ọjọ́ karùn-ún oṣù kejìlá pẹ̀lú ìbò 31 sí 20. Kì í ṣe gbogbo ènìyàn ni inú wọn dùn. Ṣùgbọ́n kò sí ẹni tó lè sọ pé òun kò mọ ẹni tó ṣe é, ìgbà tó ṣe é, tàbí ìdí tó fi ṣe é.

Ibi tí Ìlànà Náà Kù Sí

Kò yẹ kí wọ́n fi oyin bo ọ̀rọ̀ yìí. Àkọ́kọ́, ìgbìmọ̀ sábà máa ń jókòó ní ojúmọmọ ọjọ́ iṣẹ́. Agbẹjọ́rò tí oníṣòwò ilé gbà síṣẹ́ ń gbowó láti wà níbẹ̀. Ìyá tó ń tọ́jú aláìsàn nílé ìwòsàn ní láti gbàyè kí ó tó lè wá sọ̀rọ̀ ìṣẹ́jú mẹ́ta. Ìkànnì íntánẹ́ẹ̀tì ti dín ìṣòro yìí kù, kò tí ì pa á rẹ́.

Èkejì, èdè tí wọ́n fi ń kọ ìwé ẹ̀bẹ̀ le koko. Ìwé tó wà ní gbangba ṣùgbọ́n tí ẹni tí ọ̀rọ̀ kàn kò lè kà ní òye kò yàtọ̀ púpọ̀ sí ìwé tó wà nínú àpótí. Ẹni tó bá ń kọ́ni ní èdè yóò tètè rí i pé ọ̀rọ̀ ìmọ́lẹ̀ nínú ìjọba jẹ́ ọ̀rọ̀ èdè pẹ̀lú.

Ẹ̀kẹta, ọ̀nà àbùjá wà. Nígbà tí ilé-iṣẹ́ Amazon fẹ́ kọ́ olú iṣẹ́ rẹ̀ kejì sí Long Island City, ètò tí wọ́n kéde nínú oṣù kọkànlá ọdún 2018 jẹ́ kí ìpínlẹ̀ gba ọ̀rọ̀ náà ṣe, kí ó má baà gba ọ̀nà ULURP. Ìbínú ará ìlú lórí èyí wà lára ohun tó dá rògbòdìyàn sílẹ̀, ilé-iṣẹ́ náà sì kó ẹrù rẹ̀ kúrò nínú oṣù kejì ọdún 2019. Ohun tí wọ́n fẹ́ fi yára ni ó dí wọn lọ́wọ́.

Ẹ̀kẹrin ni pé àwọn kan gbà pé ìlànà náà ti gùn jù, pé ó fún àwọn tó ti ní ilé ní agbára láti dí àwọn tí kò ní lọ́nà. Ẹni tó máa gbé inú ilé tí wọn kò tí ì kọ́ kì í sí nínú yàrá láti sọ̀rọ̀. Èrò yìí ló wà lẹ́yìn àtúnṣe tí àwọn olùdìbò fọwọ́ sí nínú oṣù kọkànlá ọdún 2025, èyí tó gé ọ̀nà kúrú fún àwọn iṣẹ́ ilé gbígbé tí kò tóbi púpọ̀, tó sì gbé ìgbìmọ̀ ẹlẹ́ni mẹ́ta kalẹ̀, Méyọ̀, olórí àwọn aṣòfin àti ààrẹ ẹkùn, láti gbọ́ ìpẹ̀jọ́ lórí àwọn ilé olówó pọ́ọ́kú kan tí àwọn aṣòfin bá kọ̀. Àwọn aṣòfin púpọ̀ tako o, wọ́n ní ó gba ohùn lẹ́nu àdúgbò. Ìjà yìí kò tí ì tán. Ohun tó dájú ni pé ìbéèrè tó wà nídìí rẹ̀ kì í ṣe bóyá kí ilẹ̀kùn ṣí. Ó jẹ́ nípa ẹni tí yóò pẹ́ lórí ìjókòó, àti ẹni tí ọ̀rọ̀ rẹ̀ yóò ṣe ìkẹyìn.

Kókó Yìí Nínú Kíláàsì Èdè Yorùbá

Olùkọ́ kan lè béèrè pé kí ni ọ̀rọ̀ New York ń wá nínú iṣẹ́ Yorùbá. Ìtàn ilẹ̀ yìí fúnra rẹ̀ ló dáhùn. Lẹ́yìn àjàkálẹ̀ àrùn tó jà l'Ékòó, ìjọba amúnisìn dá àjọ tí yóò mójú tó ìdàgbàsókè ìlú náà sílẹ̀ ní ọdún 1928. Láti ọdún 1955, àjọ yìí bẹ̀rẹ̀ sí í wó ilé ní Ìsàlẹ̀ Èkó, ọ̀pọ̀ ìdílé sì kó lọ sí Sùúrùlérè. Agboolé tú ká, àwọn ìyálọ́jà pàdánù oníbàárà tí wọ́n ti ní fún ọ̀pọ̀ ọdún. Àwọn ọdún yẹn kan náà ni wọ́n ń wó ilé ní East Tremont. Ní ọdún 1992, òfin ìṣètò ìlú fún gbogbo Nàìjíríà fi àyè sílẹ̀ kí ará ìlú lè sọ tẹnu rẹ̀ lórí ètò kí ìjọba tó fọwọ́ sí i. Ẹni tí kò mọ̀ pé òun ní ẹ̀tọ́ láti sọ̀rọ̀ kò lè lo ẹ̀tọ́ náà. Ibi tí olùkọ́ ti wúlò nìyí.

Nínú kíkọ́ àròkọ aláríyànjiyàn, olùkọ́ lè sọ kíláàsì di ìgbìmọ̀ ẹlẹ́ni mẹ́tàlá. Kí ó fún wọn ní ẹ̀bẹ̀ kan: wọ́n fẹ́ gbé ọjà àdúgbò kúrò kí wọ́n lè kọ́ ibùdókọ̀. Kí àwọn kan jẹ́ ìyálọ́jà, kí àwọn kan jẹ́ awakọ̀, kí ẹnì kan jẹ́ onímọ̀ ìṣètò ìlú. Ìṣẹ́jú mẹ́ta fún ẹnì kọ̀ọ̀kan. Lẹ́yìn ìdìbò, kí gbogbo kíláàsì kọ ìjábọ̀ tí yóò sọ ìdí ìpinnu, tí kò sì ní fo ọ̀rọ̀ àwọn tí ìbò kò gbè. Apá ìkẹyìn yìí ló le jù, òun ló sì ní ẹ̀kọ́ jù, nítorí pé ó ń kọ́ ọmọ láti fi èdè tó mọ́ ṣàlàyé èrò ẹni tí òun kò gbà fún.

Bákan náà, iṣẹ́ ìṣẹ̀dá-ọ̀rọ̀ wà níbẹ̀. Àwọn àpólà bí ìjókòó ìgbọ́rọ̀-ará-ìlú, ìjókòó àgbéyẹ̀wò, ìlò ilẹ̀ àti ìgbìmọ̀ àdúgbò tí pépà yìí lò kò ṣòro láti lóye fún ẹni tó gbọ́ Yorùbá. Akẹ́kọ̀ọ́ lè yẹ̀ wọ́n wò, kí ó wá èyí tó sàn jù wọ́n lọ, kí ó sì gbìyànjú láti fi wọ́n kọ ìkéde kan tí ìyálọ́jà yóò gbọ́ yé.

Ìkádìí

Pépà yìí ti fi hàn pé ìṣe gbangba ní Ìgbìmọ̀ Ìṣètò Ìlú New York kò dá lórí ìwà rere ẹnikẹ́ni. Ó dá lórí òfin tó dárúkọ ọjọ́, tó dárúkọ akéde, tó dárúkọ ẹni tí yóò kọ́kọ́ sọ̀rọ̀, tó sì pa á láṣẹ pé kí wọ́n kọ ìdí ìpinnu sílẹ̀. Ìlànà náà ní àbùkù, àwọn ará ìlú náà sì ń jà lórí rẹ̀ títí di òní. Síbẹ̀, ìyàtọ̀ tó wà láàárín East Tremont àti ìjókòó ọdún 2024 kì í ṣe pé àwọn aláṣẹ ti wá gbọ́n ju ti àtẹ̀yìnwá lọ. Ìyàtọ̀ náà ni pé wọ́n ti sọ ọ́ di dandan fún onígbàjámọ̀ láti dúró de olórí, kí ó gbọ́ ibi tí ara ti ń ro ó, kí ó tó gbé abẹ.